Mo fẹ́ fi káyáàkì pẹja nígbà ìsinmi ọdún: ibo ni omi iyọ̀ tí kò jìn wà nítòsí Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ?

Ọmọ Alárè, Ìjẹ̀bú-Òde:

Mo kí gbogbo yín o, ẹ̀yin ará ilé. Nínú oṣù Kejìlá tí ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ yóò ti òkè òkun wá ṣọdún lọ́dọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì ti ń múra láti gbé káyáàkì méjì dání, ọkọ̀ kékeré tóóró tí a ń fi àjẹ̀ tù, irú èyí tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju pé kí a mú ọjọ́ kan láàárín Kérésìmesì àti ọdún tuntun, kí a fi gbafẹ́ lórí omi: kí a máa tukọ̀ jẹ́jẹ́, kí a ju ìwọ̀ sómi, kí ẹja tí ó bá fẹ́ jẹ ẹ́ jẹ ẹ́, kí a sì padà sí èbúté kí oòrùn tó mú jù. Ẹ̀gbọ́n mi ti rí i nínú àwòrán bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Florida àti ní Bahamas, níbi tí omi òkun ti tẹ́ pẹrẹsẹ sórí yanrìn àti koríko, tí kò mu ènìyàn ju orúnkún lọ, tí apẹja sì ń fojú rí ẹja kí ó tó ju ìwọ̀ sí i. Ó wá ń bi mí bóyá irú omi bẹ́ẹ̀ wà ní agbègbè tiwa.

Mo mọ ọ̀nà Ìwòpin, mo sì mọ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń ra ẹja. Ṣùgbọ́n èbúté nìkan ni mo mọ̀, n kò mọ ojú omi. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé omi tí ó wà ní Ìwòpin àti Mákùn-Omi ní iyọ̀? Ṣé kíkún àti fífà òkun máa ń dé ibẹ̀? Tí ẹ bá sì mọ ibòmíràn tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ, tí ó sún mọ́ ohun tí wọ́n ń wá, inú mi yóò dùn láti gbọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wẹ̀, nítorí náà n kò fẹ́ kí a kàn gbé ọkọ̀ sómi láìmọ ohun tí ó wà níwájú.

Ará Ìwòpin:

Ẹ kú ìmúra ọdún o, ọmọ Alárè. Kí n ti ibi tí ó ṣe kókó bẹ̀rẹ̀: omi Ìwòpin kò ní iyọ̀. Ọ̀sà Lẹ́kí ni ó wà níwájú wa. Odò Ọ̀ní ń dà sínú rẹ̀ láti apá kan, Odò Ọ̀ṣun ń dà sínú rẹ̀ láti apá kejì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnu ọ̀nà kankan láti ibẹ̀ tààrà sínú òkun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ yanrìn tí ó la òun àti òkun láàárín kò fẹ̀ púpọ̀. Kí omi òkun tó dé ọ̀dọ̀ wa, yóò kọ́kọ́ gba ẹnu òkun Èkó wọlé, yóò la ọ̀sà Èkó kọjá, yóò gba ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, kí ó tó wá kan tiwa, omi odò yóò sì ti borí rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ó tó débẹ̀. Ẹ lè fi ojú ara yín rí ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ wo koríko olódòdó àlùkò tí ń léfòó káàkiri, èyí tí ó wọ orílẹ̀-èdè yìí láti apá Bàdágìrì ní 1984: iyọ̀ máa ń pa á. Níbi tí ẹ bá ti rí i tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ mọ̀ pé iyọ̀ kò dé ibẹ̀.

Síbẹ̀, kí ẹ má torí iyọ̀ pa Ìwòpin tì. Ọ̀sà Lẹ́kí fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 247 níbùú lóòró, ṣùgbọ́n ibi tí ó jìn jù nínú rẹ̀ kò ju mítà 6.4 lọ, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò sì tó mítà 3. Omi tí kò jìn tí ẹ̀gbọ́n yín ń wá wà lọ́dọ̀ wa lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọ̀bọ̀kún, epìyà àti àrọ̀ ni ìwọ̀ máa ń gbé jù, mo sì lérò pé ẹni tí ó bá fi ọ̀pá ìwọ̀ fa ọ̀bọ̀kún tí ó tóbi kò ní bèèrè bóyá omi náà ní iyọ̀. Ẹ kàn ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu ìwọ̀: ẹ̀gún mẹ́ta ni ó ní, ọ̀kan lórí ẹ̀yìn, méjì yòókù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjàgbọ̀n rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, gbogbo wọn ni ó sì máa ń nà gan-an tí ẹ̀rù bá bà á. Káyáàkì onírọ́bà ni ẹ fẹ́ gbé wá, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ó já sílẹ̀ sínú ọkọ̀. Ẹ mú ike tí ó ní ìdérí dání, inú rẹ̀ ni kí ẹ ti yọ ìwọ̀.

Nítorí pé òkun kò fi bẹ́ẹ̀ darí omi wa, afẹ́fẹ́ ni ẹ ó máa wò. Ní àárọ̀, omi máa ń tòrò. Tí ó bá ti ń lọ sí ọ̀sán, atẹ́gùn láti ìhà òkun yóò bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́; nítorí pé omi náà fẹ̀ tí kò sì jìn, ìgbì kúkúrú tí ó súnmọ́ra ni yóò máa rú, irú èyí tí ń bu omi sínú ọkọ̀ kékeré. Nínú oṣù Kejìlá, ọyẹ́ náà lè mú kí ojú omi ṣú bàìbàì láàárọ̀. Tí ẹ kò bá rí igi tí ó wà ní etí omi kedere, ẹ dúró sí èbúté títí ojú ọ̀run yóò fi là.

Ohun tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù nìyí: kò sí igi tí ó dúró lójú omi wa tí kò ní olówó. Àwọn ẹ̀ka igi tí ẹ ó rí tí wọ́n gún sínú omi yíká, àkàjà ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó ṣe é ti fi owó àti agbára rẹ̀ kó ẹ̀ka jọ kí ẹja lè rí ibi sá sí, kí wọ́n sì máa pọ̀ sí i níbẹ̀, ó sì ń dúró de ọjọ́ tí yóò fi àwọ̀n yí i ká. Ẹ má ṣe ju ìwọ̀ sínú rẹ̀. Bákan náà, ike omi òfìfo tí ẹ bá rí tí ó dúró lójú kan, tí kò bá omi lọ, àmì àwọ̀n ni. Ẹ yà fún un. Ẹ yọjú sí baálẹ̀ tàbí olórí àwọn apẹja kí ẹ tó bọ́ sómi, kí ẹ ṣàlàyé pé fàájì ni ẹ bá wá, kí ẹ sì háyà apẹja kan tí yóò fi ọkọ̀ tirẹ̀ máa bá yín lọ. Òun ni yóò mọ ibi tí ẹja wà lọ́jọ́ náà, owó tí ẹ bá sì san fún un kò ní dùn yín.

Ọmọ Rẹ́mọ ní Tampa:

Ará Ìwòpin, ẹ ṣeun fún àlàyé yìí. Ọmọ Ṣàgámù ni mí, etí omi Tampa ní Florida ni èmi àti ọkọ mi ti máa ń lo ìsinmi wa, inú káyáàkì sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń parí sí. Àbúrò mi ọmọ Alárè, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ohun tí ẹ̀gbọ́n yín rí nínú àwòrán ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ ìdí rẹ̀ ni yóò lè mọ èyí tí a lè rí nílé àti èyí tí a kò lè rí.

Pẹ̀tẹ́lẹ̀ omi iyọ̀ jẹ́ ilẹ̀ tí òkun ń kún bò, tí ó tún ń fà kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tí omi bá ń kún, akàn, edé àti ẹja wẹ́wẹ́ yóò jáde lọ jẹun láàárín koríko, ẹja ńláńlá yóò sì tẹ̀ lé wọn dé ibi tí omi kò ti bo ẹ̀yìn wọn tán. Nígbà tí omi bá ń fà, gbogbo wọn yóò gba àwọn ojú ọ̀nà tóóró tí ó jìn díẹ̀ padà sínú ibú. Ẹni tí ó bá dúró sí ẹnu ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nígbà tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fà kò ní wá ẹja kiri. Ẹja ni yóò máa kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Èyí ni ó fi jẹ́ pé lọ́dọ̀ wa níbí, ìwé àkókò omi ni a máa ń kọ́kọ́ ṣí kí a tó mú ọjọ́ ìsinmi.

Ẹja tí gbogbo ènìyàn ń lé kiri níbí ni redfish. Ara rẹ̀ pọ́n bí idẹ, ó sì ní àmì dúdú roboto nítòsí ìrù. Tí ó bá ń fi ẹnu tú ilẹ̀ wá akàn nínú omi tí kò jìn, orí rẹ̀ yóò wà nísàlẹ̀, ìrù rẹ̀ yóò sì yọ sókè omi, ẹ ó máa rí i tí ó ń mì lẹ́lẹ́, tí omi ń kán lára rẹ̀, tí oòrùn ń tàn sí i. Nígbà náà ni ọwọ́ ènìyàn máa ń gbọ̀n. Ẹ kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀ lé e lórí; iwájú rẹ̀, ní ọ̀nà tí ó dojú kọ, ni ẹ ó jù ú sí, kí ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ wá bá a. Tí àjẹ̀ bá gbá ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, tàbí tí ẹ bá ju nǹkan sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ ó kàn rí ẹrẹ̀ tí ó dà rú níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Káyáàkì dára fún iṣẹ́ yìí nítorí pé ó ń léfòó lórí omi tí kò ju kókósẹ̀ lọ, kò pariwo, kò sì ní ẹ́ńjìnnì tí yóò máa gé koríko abẹ́ omi, nítorí pé koríko tí abẹ ẹ́ńjìnnì bá ti gé máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó tún hù. Awò dúdú tí ń pa ìmọ́lẹ̀ tí ń dán lójú omi ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Láìsí i, ojú ọ̀run nìkan ni ẹ ó máa rí lórí omi, ẹ kò ní rí ohun tí ó wà nísàlẹ̀.

Òfin wà lórí rẹ̀ o. Ní Florida, ẹni tí kò bá sí lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí ó tó pẹja nínú omi iyọ̀, redfish tí ẹ bá sì fẹ́ gbé lọ sílé kò gbọdọ̀ kéré ju ínǹṣì 18, kò sì gbọdọ̀ gùn ju 27 lọ. Àwọn agbègbè omi kan wà tí a kò tilẹ̀ gbọdọ̀ mú un lọ sílé rárá. Mo fara mọ́ òfin yìí tọkàntọkàn, nítorí pé ọmọ ẹja ni ó kéré ju ìwọ̀n náà lọ, ìyá tí ń yé ẹyin jù sì ni ó ga jù ú lọ.

Nítorí náà, tí ẹ̀gbọ́n yín bá ń retí láti rí ìrù ẹja nínú omi tí ó mọ́ gaara bíi ti Bahamas, ẹ tètè sọ fún un pé kò ní rí i ní Ìjẹ̀bú. Odò tí ó ti inú igbó wá máa ń gbé ẹrẹ̀ àti àwọ̀ ewé bọ̀. Ohun tí ó lè gbé wálé ni ìṣe náà: kí ó máa rìn jẹ́jẹ́, kí ó dákẹ́, kí ó sì wo omi pẹ́ kí ó tó ju ìwọ̀.

Ará Ìkòròdú:

Ẹ kú àlàyé o, ẹ̀yin àgbà. Àwa Ìkòròdú, tí àwọn baba ńlá wa ti Rẹ́mọ wá tẹ̀dó, ni omi iyọ̀ wà lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí.

Ọ̀sà Èkó tí ó wà níwájú Ìkòròdú ní iyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí odò sì ti dín kù, omi òkun máa ń ráyè wọlé láti ẹnu òkun Èkó, iyọ̀ rẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i títí òjò yóò fi padà. Nígbà tí òjò bá ti wá rọ̀ dáadáa, omi odò yóò tún lé e jáde. Ọmọ Alárè, àkókò tí ẹ mú dára fún èyí. Etí omi Báyékù àti Ìjẹ̀dẹ̀ ni n bá kọ́kọ́ wò tí ó bá jẹ́ èmi. Omi ibẹ̀ kò jìn létí, àwọn ibì kan ṣì wà tí igi ẹ̀gbà dúró sí pẹ̀lú gbòǹgbò tí ó fẹsẹ̀ tẹ omi, inú gbòǹgbò wọ̀nyí ni akàn àti ọmọ ẹja sì ń gbé. Atoko pọ̀ níbẹ̀, ẹ ó máa rí i tí ó ń ta sókè; kúta kéékèèké àti apò náà máa ń wọlé pẹ̀lú omi iyọ̀. Ẹ kò ní rí ẹja nísàlẹ̀ omi bí ẹ̀gbọ́n wa ní Tampa ṣe ń rí i, ṣùgbọ́n ẹ lè rí ọmọ ẹja tí wọ́n tú ká lójijì lójú omi, èyí tí ó fi hàn pé ohun tí ó ju wọ́n lọ wà lẹ́yìn wọn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ju ìwọ̀ sí. Kí ẹ má sì ṣe fi káyáàkì onírọ́bà ha ara gbòǹgbò ẹ̀gbà, nítorí pé ìkarahun tí ó lẹ̀ mọ́ ọn mú bí abẹ.

Ibi tí n kò ti fara mọ́ ohun tí ará Ìwòpin sọ ni ti àárọ̀. Ní Ìwòpin, ó tọ́. Ní ọ̀dọ̀ wa, òkun ni yóò sọ àkókò fún yín. Òkun wa máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì máa ń fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín nǹkan bíi wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50, nítorí náà tí omi bá kún ní aago méje àárọ̀ òní, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago mẹ́jọ kí ó tó kún ní ọ̀la. Nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tí ó bá yọ kíkún, omi máa ń kún jù, ó sì máa ń fà jù. Ìwé àkókò omi tí wọ́n ń tẹ̀ fún Èkó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹnu òkun ni ó ń sọ nípa rẹ̀. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, gíga rẹ̀ á sì ti dín kù. Ẹ bọ́ sómi nígbà tí ó bá ń kún lọ, kí ẹ sì ti máa padà kí ó tó fà dé ìdajì. Kì í ṣe yanrìn ni ó wà nísàlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹrẹ̀ ni, ó sì lè mu ènìyàn dé itan. Ẹni tí omi bá fà sílẹ̀ lórí ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti fẹsẹ̀ rìn. Inú ọkọ̀ ni yóò jókòó sí títí omi yóò fi padà wá gbé e.

Ohun kan tún wà tí ó ń dùn mí lọ́kàn. Àwọn tí ń wa yanrìn ti gbẹ́ kòtò sí ọ̀pọ̀ ibi ní etí ọ̀sà, ibi tí àwọn bàbá wa ń fẹsẹ̀ rìn nínú omi lánàá lè jìn ju òrùlé lọ lónìí. Ẹ má ṣe gbà pé omi tí ó wà ní orúnkún níbí ni yóò wà ní orúnkún ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí i. Ẹ jìnnà sí àwọn ọkọ̀ tí ń fa yanrìn, kí ẹ sì jìnnà sí ibi tí ilé iṣẹ́ amúnáwá Ẹ̀gbín ti ń fa omi wọlé àti ibi tí ó ń dà á jáde.

Ọmọ Alárè, Ìjẹ̀bú-Òde:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ rí ìdààmú. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí etí ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, ó sì gbà pé Ìwòpin ni kí a kọ́kọ́ lọ nítorí ìyàwó rẹ̀, kí òun àti èmi tó wá lọ wo Báyékù ní ọjọ́ mìíràn tí omi bá bá wa lára mu. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó yẹ kí a ṣe nípa ẹni tí kò mọ̀wẹ̀? Ṣé ìdákọ̀ró tí ó bá ọkọ̀ náà wá tó?

Ọmọ Rẹ́mọ ní Tampa:

Ẹ̀wù ìléfòó lákọ̀ọ́kọ́, kí ó wọ̀ ọ́ láti èbúté títí yóò fi padà sí èbúté, kì í ṣe pé kí ó fi ṣe ìrọ̀rí ìjókòó. Tí ó bá ti wọ̀ ọ́ tán, kí ẹnìkan di éjìká ẹ̀wù náà mú kí ó fà á sókè: tí ó bá gòkè dé etí rẹ̀, ó tóbi jù, inú omi ni yóò sì ti bọ́ lára rẹ̀. Kí ẹ tó ju ìwọ̀ kankan, ẹ mú un lọ síbi tí omi mu ún dé àyà, kí ó mọ̀ọ́mọ̀ jábọ́ nínú káyáàkì, kí ó sì kọ́ bí a ti ń padà: kí ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, kí ó fi ẹsẹ̀ gbá omi títí ara rẹ̀ yóò fi nà sójú omi, kí ó fa ikùn rẹ̀ gun orí ọkọ̀, kí ó tó yí padà jókòó. Tí ó bá ti ṣe é títí tí ẹ̀rù kò bà á mọ́, ó ti lè bá yín lọ.

Ní ti ìdákọ̀ró, orí ọkọ̀ tàbí ìdí ọkọ̀ ni kí ẹ so ó mọ́, ẹ kò gbọdọ̀ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ láéláé, nítorí pé tí omi tàbí afẹ́fẹ́ bá gbá ọkọ̀ náà ní ìbú, yóò dojú dé. Nínú omi tí kò jìn, ọ̀pá gígùn tí ẹ rì mọ́ inú ẹrẹ̀ dára ju irin lọ, kì í sì í dún. Ẹ fi okùn so àjẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Ẹ fi fóònù sínú àpò tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ sì sọ fún ẹnìkan ní ilé ibi tí ẹ lọ àti aago tí ẹ ó padà.

Ará Ìwòpin:

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi níbí nígbà tí ẹ bá ti mú ọjọ́, kí n lè bá yín bá apẹja kan sọ̀rọ̀ ṣáájú, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn máa ń lọ ṣọdún nílé tí Kérésìmesì bá ti wọlé tán. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni kí ẹ ti kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ gbé omi mímu, fìlà àti gaàrí Ìjẹ̀bú dání. Ní ti ẹja tí ẹ ó fi mu ún, tí ìwọ̀ kò bá tilẹ̀ gbé nǹkan kan, àwọn ìyá tí ń yan ẹja wà ní èbúté.